"Ojú Fífọ́" Kì í Ṣe Orúkọ Àrùn

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣègùn sí Yorùbá ti bá aláìsàn sọ̀rọ̀ rí, ẹ wo ohun tó pe cataract àti glaucoma. Lọ́pọ̀ ìgbà, "ojú fífọ́" ni méjèèjì máa ń já sí, àbí "àrùn ojú" lásán. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa wà.

Ní ti cataract, ohun bíi dígí kan wà nínú ẹyinjú tó máa ń di funfun, bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Oníṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́, kó fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, kí onítọ̀hún sì padà ríran. Glaucoma ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti kú níbẹ̀ ò ṣeé jí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé cataract ló ń fọ́ àwọn èèyàn lójú jù, glaucoma ló tẹ̀lé e. Tí àwọn méjèèjì bá wá ń jẹ́ orúkọ kan náà, màmá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tó sì ríran á máa sọ fún bàbá ìsàlẹ̀ ilé pé kó fọkàn balẹ̀, tó bá fọ́ tán, wọ́n á bá a ṣe é. Bàbá á dúró kó fọ́ tán. Glaucoma ló ń ṣe bàbá.

Àwọn kan gbìyànjú o. Wọ́n pè é ní "ìfúnpá ojú gíga". Ẹ jọ̀ọ́, ìfúnpá lẹ́nu àwọn àgbà ni oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá! Kí ni ìyẹn ń wá lójú? Bẹ́ẹ̀ "ẹ̀jẹ̀ ríru" ti wà lẹ́nu gbogbo ọjà tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ yẹn ò tilẹ̀ pé, torí glaucoma lè mú ẹni tí omi inú ojú rẹ̀ ò le jù bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni ìtìjú tó wà nídìí ẹ̀, bí ẹni pé orúkọ òyìnbó nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Irọ́ ni. Omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ni Látìn ń pè ní cataracta. Pupilla tí wọ́n fi ń pe àárín ẹyinjú, ọmọdébìnrin kékeré ló túmọ̀ sí. Àwa náà ń pè é ní ọmọlójú. A ò jí i lọ́wọ́ wọn, wọn ò jí i lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ojú ẹlòmíràn á rí ara ẹ̀ ní kékeré níbẹ̀, ó parí.

Ẹ wo Àpólò náà. Ọdún 1969 ni ojú pípọ́n tó ń ràn bí iná bẹ̀rẹ̀ ní Accra, lásìkò tí Apollo 11 lọ sórí òṣùpá, làwọn èèyàn bá fi orúkọ ọkọ̀ yẹn pè é. Orúkọ náà ò sọ nǹkan kan nípa ojú. Àmọ́ ta ni ò mọ̀ pé Àpólò ń ràn?

Nítorí náà, ní tiwa, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ glaucoma. Gbólóhùn tó tẹ̀lé e ni kó jẹ́ Yorùbá: kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá ti gbà kì í dá a padà, oògùn àti ìtọ́jú lè dá ìyókù dúró. Èyí wúlò ju orúkọ gígùn mẹ́wàá lọ.

Ti etí ṣòro díẹ̀. A fara mọ́ "ìlù etí", torí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ìlù tí awọ rẹ̀ ya ò ní dún dáadáa. "Etí mi ń kùn" náà dára. "Gbọ́" gan-an ni wàhálà. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ Yorùbá, ọmọ tó gbọ́ràn sì ni ọmọ dáadáa. Nọ́ọ̀sì wá béèrè pé, "Ṣé ọmọ yín ń gbọ́ràn?" Kí ni ìyá á sọ? Á ní ọmọ òun ò gbọ́ràn rárá, alágídí ni, òun sì ti nà án títí. Ọmọ tí ò gbọ́ ohùn ni wọ́n ń nà yẹn.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé àyẹ̀wò rèé: "Ìyá Bọ́lá, tí ẹ bá dúró sẹ́yìn ẹ̀ níbi tí kò ti rí yín, tí ẹ wá pè é jẹ́ẹ́, ṣé ó máa ń yíjú?"