Nígbà tí Oníjàálá Bá Sun Tirẹ̀

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹlòmíì la sì máa ń pa á fún. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan á ka ewì rẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan á ní ìlà kẹta kò yé òun, ojú akéwì á yí padà. Àwọn mìíràn ò tún wá mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n yẹ ìwé kan wò fún wa: The Content and Form of Yoruba Ijala, tí Adébóyè Babalọlá kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Oxford lọ́dún 1966.

Ọmọ Ogbooro ni mí, ọdẹ ò sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn. Síbẹ̀, kì í ṣe oríkì ẹranko inú ìwé náà ló dá mi dúró, bí kò ṣe ohun tó sọ nípa bí àwọn oníjàálá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ara wọn. Bí ẹnì kan bá sun ìjálá, tí ẹlòmíì gbà pé ó ṣi oríkì pè, ojú agbo ló ti máa sọ pé irọ́ ni. Á ní òun kọ́ tòun dáadáa lọ́wọ́ ọ̀gá òun, á sì sun èyí tó tọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan.  Òun fúnra rẹ̀ sun tirẹ̀ káyé gbọ́. "Kò dùn" lásán kì í ṣe lámèyítọ́.

Ibi tí mo ti ń jiyàn ni èsì ẹni tí wọ́n bá wí. Á ní kí kálukú máa tọ ọ̀nà tirẹ̀. Ṣebí ohun táwa náà ń sọ nìyẹn: "Style mi ni!" Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Bí mo bá fi ẹ̀ka èdè Ogbooro kọ̀wé, ọ̀nà mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan ní oríṣi mẹ́ta lójú ìwé kan ṣoṣo, ọ̀nà wo nìyẹn?

Ẹ wo Chinua Achebe. Ní 1956, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ìtàn tó kọ han Gilbert Phelps, òǹkọ̀wé tó ń kọ́ wọn. Ìtàn náà wu Phelps débi pé ó fẹ́ fi han àwọn atẹ̀wétà. Achebe ní ó ṣì ku iṣẹ́. Ó gbé e wálé, ó yọ apá kejì àti ìkẹta kúrò, ó ku ti Okonkwo. Things Fall Apart jáde ní 1958. Ìyìn pàápàá ò dá a dúró, áńbọ̀sì èébú!

Ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn tàbí rédíò. Níbẹ̀, olóòtú ò ní bẹ̀ ẹ́ kó tó gé ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹ jẹ́ ká ti ìsinsìnyí kọ́ ọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tọ́ka sí ìlà kan pàtó, kó sọ bí òun ì bá ti kọ ọ́. Kí ẹni tó ni iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má fèsì lọ́jọ́ náà. Tó bá délé, kó tún iṣẹ́ rẹ̀ kà. Bó bá ṣì rí i pé ọ̀nà òun ni, kó wá gbèjà rẹ̀ nípàdé tó ń bọ̀. A ó gbọ́ ọ.