Ta Ni Ó Darúgbó? Ọ̀rọ̀ Lórí Gloria Swanson àti Sinimá Sunset Boulevard

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti wo Sunset Boulevard, sinimá tí Billy Wilder darí, tí ilé iṣẹ́ Paramount sì gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, ni ó gbà pé ìtàn obìnrin tí kò fẹ́ gbà pé òun ti dàgbà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Sinimá náà dára púpọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí a rí èyí tí ó sọ̀rọ̀ òkìkí àti ẹwà bí ó ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn òǹwòran sì máa ń dá. Wọn a dá obìnrin náà lẹ́bi; wọn kì í bi àwọn tí ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ léèrè ohunkóhun.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí. Norma Desmond ti jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré ní ìgbà tí sinimá kò tíì máa sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí ó ti di ẹni ọdún 50, ó sì ń gbé inú ilé ńlá kan ní Los Angeles pẹ̀lú Max, ìránṣẹ́ rẹ̀. Joe Gillis, ọ̀dọ́mọkùnrin òǹkọ̀wé tí gbèsè ń lé kiri, ṣèèṣì yà sí ilé náà. Norma gbà á síṣẹ́ kí ó bá òun tún ìwé eré kan ṣe, èyí tí ó rò pé òun yóò fi padà sí ojú agbo. Ó ń bọ́ ọ, ó ń ra aṣọ fún un, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí i lórí. Nígbà tí Joe fẹ́ fi í sílẹ̀, ó yìnbọn pa á.

Ibi tí ẹ̀rí mi ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí Norma lọ sí Paramount láti rí Cecil B. DeMille, olùdarí tí ó bá ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. DeMille fúnra rẹ̀ ni ó jáde nínú eré náà ní orúkọ ara rẹ̀. Bí Norma ti jókòó, ẹ̀rọ agbohùn tí wọ́n fi kọ́ sókè gbá ìyẹ́ tí ó wà lára fìlà rẹ̀. Ó fi ìbínú tì í dànù. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ yí iná ńlá sí i lára. Lójú kan náà ni àwọn ènìyàn rọ́ yí i ká. DeMille sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá iná náà padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yí padà lára Norma láàárín ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí iná lọ? Ènìyàn kì í fi ìṣẹ́jú díẹ̀ darúgbó. Iná ni ó yí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni iná náà sì wà. Ẹ tún wo DeMille. Ní ọdún 1949 tí wọ́n ń ya sinimá yìí, ó ti lé ní ẹni ọdún 65, síbẹ̀ ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí ọjọ́ orí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èé ṣe tí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù kò fi jẹ nínú ìyà rẹ̀?

Irọ́ ni wọ́n tún fi ń bọ́ Norma. Max, tí ó jẹ́ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì ti darí rẹ̀ rí, ni ó ń kọ àwọn lẹ́tà tí Norma rò pé àwọn olólùfẹ́ òun ń kọ. Joe ni ó wá sọ fún un nígbẹ̀yìn pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn pé 50, bí kò bá ti máa ṣe bí ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀kọ́ sinimá náà. Ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹnu tí ó ti jáde. Joe jẹun Norma, ó wọ aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni òtítọ́ tó wá sí i lẹ́nu.

Ẹlẹ́rìí mi kejì ni Gloria Swanson, ẹni tí ó ṣe Norma. Chicago ni a bí i sí ní ọdún 1899. DeMille ni ó darí rẹ̀ nínú Male and Female ní ọdún 1919. Erich von Stroheim tí ó ṣe Max ni ó darí rẹ̀ nínú Queen Kelly, àwòrán láti inú sinimá yẹn náà ni Norma sì fi han Joe nínú ilé rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń sọ pé ìtàn ayé Swanson ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, The Trespasser ti ọdún 1929 ni àkọ́kọ́ tí ó fi ohùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Oscar nítorí rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ sinimá fà sẹ́yìn, kò ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ní ọdún 1948 ó ní ètò tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní New York.

Ó kọ ìtàn ara rẹ̀, Swanson on Swanson, ní ọdún 1980. Ó sọ níbẹ̀ bí ó ti dùn ún tó pé Paramount, tí ó ti ṣe sinimá púpọ̀ fún, ní kí ó wá ṣe ìdánwò kí àwọn tó gbà á. Wọ́n tún fẹ́ fi àtíkè sọ ọ́ di arúgbó. Ó bi wọ́n pé èé ṣe tí wọn kò kúkú fi àtíkè sọ William Holden, tí ó ṣe Joe, di ọmọdé sí i? Wọ́n sì gbà fún un.

Ohun tí ó tẹ̀lé àṣeyọrí rẹ̀ ni ó kà mí láyà jù lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀bùn Oscar bọ́ sọ́wọ́ Judy Holliday ní ọdún 1951. Ìyẹn kò tó nǹkan. Swanson sọ pé àwọn ìwé eré tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òun lẹ́yìn náà, àfarawé Sunset Boulevard ni: gbajúmọ̀ àtijọ́ tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ṣe wèrè dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi rí ohun mìíràn fún un ṣe.

Níbí ni mo ti bá Wilder wí. Ó mọ ọwọ́ tí ó di iná mú, nítorí òun ni ó fi í hàn wá. Ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó di gbogbo ẹrù náà ru orí Norma. Síbẹ̀ iṣẹ́ Swanson já a nírọ́. Nígbà tí Norma ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ó rò pé eré ni wọ́n ń yà, ojú àti ọwọ́ ni Swanson fi ń sọ̀rọ̀ fún wa, bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìgbà sinimá aláìlóhùn. Ọgbọ́n tí wọ́n ní ìgbà rẹ̀ ti kọjá ni ó gbé sinimá náà ró. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó máa kọ̀wé lórí àwọn òṣèré obìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tán sí pé wọ́n lẹ́wà nígbà kan. Ẹ sọ ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.