Orin Nínú Sinimá Ọdẹ Erinmi
Ní nǹkan bí ọdún 1951, Jean Rouch, ará Faransé, ya àwọn Sorko, apẹja odò Ọya lókè Niamey, bí wọ́n ti ń fi ọ̀kọ̀ lépa erinmi. Ó fi orin ọdẹ kún sinimá náà. Etí ará Paris ni ó ń rò, kì í ṣe ti erinmi. Àwọn ọdẹ tí ó fi í hàn ní Ayorou kọ̀ ọ́: ta ni í kọrin sétí ẹran tí ó ń lépa? Yóò gbọ́, yóò sì sá. Rouch yọ orin náà.

Flaherty, ẹni tí ó ṣe sinimá nípa àwọn Inuit ilẹ̀ yìnyín ní 1922, yàtọ̀: ìbọn ti dé ọwọ́ wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó apàbùùbùtán àti oníṣòwò awọ, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ àtijọ́ ni ó ní kí wọ́n gbé. Ibi tí orin ti dákẹ́ ni ó dára jù nínú iṣẹ́ Rouch. Àwọn ọdẹ ni ó sì ṣe é.