Okun Igi Kọ́ ni Agbára Òpó: Àríwísí lórí Ìtumọ̀ «flambement»

Nínú Eurocode 5 (EN 1995-1-1), ìlànà Yúróòpù fún iṣẹ́ igi, ìbéèrè méjì ni a ń bi òpó tó ru ẹrù. Èkíní: ṣé igi náà kò ní rún lábẹ́ ẹrù? Èyí jẹ mọ́ «compression». Èkejì: ṣé òpó náà kò ní tẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí igi tó rún? Èyí ni «flambement». Bí a bá fi «agbára òpó» nìkan túmọ̀ méjèèjì, ìbéèrè kejì sọnù.

Ẹ jẹ́ ká wo òpó C24 tí ó jẹ́ 100 mm lọ́nà méjèèjì, tí orí àti ìdí rẹ̀ kò lè kúrò lójú kan ṣùgbọ́n tí wọ́n lè yí. Okun rẹ̀ sí ìfúnpọ̀ jẹ́ 21 N/mm². Bí ó bá ga ní mítà 1.5, nǹkan bí ìdá 77 nínú 100 okun yìí ni ìlànà gbà ká lò. Bí ó bá ga ní mítà 3, ó di ìdá 28 péré. Igi kan náà ni. Gíga nìkan ló yàtọ̀. Kódà, okun igi kò sí nínú ìṣirò tí Euler gbé jáde ní 1744. Àìtètè-tẹ̀ igi, ìrísí rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀: bí gígùn bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà di ìdámẹ́rin.

Nítorí náà, «ìṣẹ́» kò bá «flambement» mu: òpó lè tẹ̀ láìṣẹ́, kó sì nà padà bí a bá tètè gbé ẹrù kúrò. «Ìtẹ̀» nìkan náà kò tó, nítorí igi àjà pẹ̀lú ń tẹ̀. «Flexion» ló yẹ kó ni ín. A dábàá «ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́». Ẹnìkan lè ní ó gùn jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la fi ṣẹ̀dá «ìfẹ̀yìntì», kò sì sú ẹnikẹ́ni.

Ó kù ká ya mẹ́ta sọ́tọ̀: «ipá» fún ohun tí ẹrù ń ṣe, «okun» fún ti igi, «agbára» fún ti òpó lódindi. Káfíńtà tí a sọ fún pé igi yìí lókun ṣì máa béèrè bí òpó yóò ti ga tó. Èyí tí a sọ fún pé òpó lágbára kò ní béèrè mọ́, orí àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé ni yóò sì já lé.