Òkè Wo Ni Òkè? Atọ́ka Orúkọ Ibi fún Àwòrán Ilẹ̀ Ìlọrin

Atọ́ka orúkọ ibi ni olùlò àwòrán ilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣí, síbẹ̀ òun ni àwọn onímọ̀ kì í kà sí iṣẹ́ ọpọlọ. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé kí a to orúkọ ní ẹsẹẹsẹ lẹ́tà, kí a sì kọ nọ́ńbà àpótí tó wà sí iwájú rẹ̀, kò ju iṣẹ́ akọ̀wé lọ. Àwọn orúkọ inú Ìlọrin ta ko èrò yìí.

Nínú àwọn àwòrán ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí òṣùwọ̀n wọn jẹ́ 1:100,000, ojú-ìwé 223 ni Ìlọrin. Níbi tí àwọn ìlà tó dábùú ara wọn bá ti jìnnà síra ní kìlómítà 1, ẹyọ nọ́ńbà 4 máa ń tọ́ka sí odindi àpótí. Ẹyọ 6 máa ń dín àyè náà kù sí mítà 100. A ó ka ti apá ọ̀tún kí a tó ka ti òkè. Ìṣirò lèyí, kò ṣòro. Orúkọ ló ṣòro.

Àṣà atọ́ka Gẹ̀ẹ́sì ni kí orúkọ pàtó ṣáájú, kí irú ohun tó jẹ́ tẹ̀lé e. Bí a bá kọ ‘Sóbì, Òkè’, kò sí ìpalára, nítorí òkè gidi ni. Ṣùgbọ́n ‘Súnà, Òkè’ yóò sọ ibùdó àwọn Mùsùlùmí tí Ṣólágbẹrú darí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún di òkìtì ilẹ̀ lásán. Òkè Súnà ni orúkọ ibùdó náà látòkè délẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn ìlú kò lè mọ èyí tó yẹ ní yíyípadà.

Bákan náà ni Gáà. Bí Gáà Àkànbí bá lọ sábẹ́ A, tí Gáà Ọ̀dọ́tà lọ sábẹ́ Ọ, wọn yóò fọ́n ká. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ lódindi, wọn yóò tò tẹ̀léra, òǹkàwé yóò sì rí i pé ibùdó àwọn Fúlàní darandaran ni àdúgbò tí ilé kún lónìí ti gba orúkọ. A lè ṣàròyé pé orúkọ abẹ́ Òkè yóò pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sàn ju irọ́ lọ.

Ti lẹ́tà náà wà ńbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí a kò fi ẹsẹẹsẹ lẹ́tà Yorùbá kọ́ lè ti Ọ sẹ́yìn Z, kí Ọjà Ọba bọ́ sí ìparí ìwé. Bí a bá sì yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, Ọjà yóò ṣáájú Òkè, bẹ́ẹ̀ O ló ń ṣáájú Ọ. Ojútùú rẹ̀ ni kí orúkọ tó ní àmì jẹ́ olórí, kí èyí tí kò ní àmì, bí àwòrán ìjọba ṣe kọ ọ́, darí òǹkàwé síbẹ̀, kí irú ohun tí ibi náà jẹ́ sì ní òpó tirẹ̀.

Òkúta tí wọ́n ń lọ irin lé, tí ìtàn so orúkọ ìlú mọ́, wà nínú agbo ilé kan ní Ìdí-Àpẹ. Kódà ní òṣùwọ̀n 1:50,000, níbi tí kìlómítà 1 ti jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ó kéré jù fún yíyà. Atọ́ka nìkan ló lè gbà á: ‘Ìlọ-Irin, Òkúta: wo Ìdí-Àpẹ.’ Bí akọ̀wé bá fò ó, ìwé tó ń tọ́ka Ìlọrin kò ní tọ́ka sí ohun tó sọ ọ́ ní Ìlọrin.