Fèrè Ọdẹ àti Etí Ajá: Àtúnyẹ̀wò Òwe Kan

Òwe tó sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ wà lára àwọn òwe tí àwọn àgbà Yorùbá fi ń kìlọ̀ fún ọmọ. Ìtumọ̀ tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń fún un ni pé olóríkunkun ni ajá náà: ọdẹ pè é, ó kọtí ikún, ó sì forí ara rẹ̀ gbá a. Ìtumọ̀ yìí kò lòdì, àmọ́ apá kan ọ̀rọ̀ ló mú. Ọdẹ àti ajá ló wà nínú òwe náà, ṣùgbọ́n ajá nìkan ni wọ́n ń gbé lọ síwájú adájọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ọdẹ ṣe kọ́ ajá náà kí wọ́n tó wọ igbó, tàbí ohun tó máa ń bá a nígbàkigbà tó bá jẹ́ ìpè.

Àlọ́ dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tirẹ̀. Nínú àlọ́ ọdẹ tó ní ajá mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé, orí igi ni ọdẹ wà nígbà tí ewu dé, àwọn ajá rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn. Ó fi orúkọ pè wọ́n, wọ́n gbọ́, wọ́n sì wá gbà á sílẹ̀. Àwọn orúkọ náà yẹ ní àkíyèsí. Èyí tó ń gbá ilẹ̀, tó ń gbá ràwé ni ìkẹta wọn. Iṣẹ́ tí ọdẹ ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, àlọ́ yìí kò ta ko òwe, ńṣe ló parí ohun tí òwe kò sọ. Ajá tó mọ ohun tí olówó rẹ̀ ń fẹ́ ló ń jẹ́ ìpè.

Láàárín àwọn Baatombu ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà mìíràn ni orúkọ ajá gbà. Àpilẹ̀kọ tí Wendy Schottman gbé jáde ní ọdún 1993 fi hàn pé wọ́n máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí olájá lè fi ìpè ajá ránṣẹ́ sí ẹni tí kò fẹ́ bá wí lójúkorojú. Ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ ni èyí jẹ́ lójú onímọ̀ èdè, Schottman sì yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù láti rò ni ti ajá fúnra rẹ̀. Ajá kò gbọ́ òwe. Ohùn ló gbọ́. Bí ìbínú bá wà nínú ohùn náà, ajá ni yóò kọ́kọ́ bà, kí ó tó dé etí aládùúgbò.

Ìwádìí kan tí Lisa Lit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ajá 18 tí wọ́n ti kọ́ láti fi imú wá oògùn olóró tàbí ohun abúgbàù ló kópa nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń mú wọn dání. Wọ́n sọ fún àwọn ènìyàn náà pé ìwé pupa ló sàmì ibi tí òórùn wà nínú àwọn iyàrá kan. Irọ́ ni, kò sí oògùn tàbí ohun abúgbàù kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà 225 ni wọ́n kéde pé ajá ti rí nǹkan. Ìkéde ibi tí ìwé pupa wà sì pọ̀ ju ti ibi tí wọ́n fi oúnjẹ àti ohun ìṣeré tan ajá lọ. Ìbáà jẹ́ pé ajá ń wo ara ẹni tó mú un dání, ìbáà sì jẹ́ pé ẹni náà ló ń rí ohun tó ti retí, ọkàn ènìyàn ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ti pàṣán náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2009, Meghan Herron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania gbé èsì ìbéèrè tí olájá 140 dáhùn jáde. Nínú àwọn tó ti lu ajá wọn tàbí ta á nípàá, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́rìí pé ajá náà fi ìjà dá a padà. Lóòótọ́, àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ nítorí ìwà ajá wọn ni wọ́n bi léèrè, kò sì yẹ kí á fi iye yìí díwọ̀n gbogbo ajá. Síbẹ̀, ó tó láti mú ẹni tó gbà pé ẹgba ni baba ẹ̀kọ́ ronú.

Kò tọ́ kí á di gbogbo ẹ̀bi ru olájá. Àrùn ni dìgbòlugi, kì í ṣe àìgbẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, ajá kò sì lè dá gbé ara rẹ̀ lọ gbà á.

Nínú kíláàsì, kò yẹ kí òwe fèrè ọdẹ dá dúró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ gbé òwe kejì sí, èyí tó ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ, nítorí àwọn àgbà kan náà ló ń pa méjèèjì. Ọ̀kan ń bá ajá wí, èkejì ń rán ẹni tó wà lẹ́yìn ajá létí iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi ti àkọ́kọ́ nìkan pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tó kàn án gan-an: ṣé ó ti kọ́ ọmọ náà ní ohun tí fèrè túmọ̀ sí?