Ọ̀RỌ̀ GÍGÙN LẸ́NU ARÁ OKO: ÀYẸ̀WÒ ERÉ SHAKESPEARE KAN

Eré kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a dárúkọ lẹ́tà mélòó kan, wọn a sì ní kí olúkúlùkù wá ọ̀rọ̀ gígùn tí àwọn lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó wá ọ̀rọ̀ tí a, e, i, o, u ti tò tẹ̀lé ara wọn yóò mú facetious tàbí abstemious wá. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó wá ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kankan kò ti jáde lẹ́ẹ̀mejì yóò mú uncopyrightable wá, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 15. Ní ọdún 1935, Everett Smith, ààrẹ ẹgbẹ́ National Puzzlers' League ní Amẹ́ríkà, tilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 45, ó ní orúkọ àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ráyè wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè.

Eré náà dára. Ó ń mú ọpọlọ jí pépé. Àwa Yorùbá pàápàá kì í ṣe àjèjì sí ìfọ̀rọ̀dárà: a ní ẹnà, a sì ní àlọ́ àpamọ̀. Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni kí á máa fi gígùn ọ̀rọ̀ díwọ̀n ìmọ̀ ẹni tí ó sọ ọ́. Ọ̀ràn yìí gan-an ni Shakespeare gbé yẹ̀ wò nínú eré-onítàn apanilẹ́rìn-ín rẹ̀, Love's Labour's Lost, tí a tẹ̀ jáde ní 1598.

Ní apá karùn-ún, ìran kìíní, ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: honorificabilitudinitatibus. Lẹ́tà 27 ni. Ọ̀rọ̀ Látìn ni, kò sì tọ́ka sí ohun mìíràn ju ipò ẹni tí ọlá tọ́ sí. Shakespeare kọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Dante, akéwì ará Ítálì, ti mẹ́nu ba irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí ó gùn kọjá ohun tí ìlà ewì lè gbà. Bí a bá fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè Yorùbá wò ó, a ó rí i pé kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan ni a tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àfi s tí ó kẹ́yìn, ìhun rẹ̀ kò jìnnà sí ti ọ̀rọ̀ tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹnu ta ni Shakespeare fi ọ̀rọ̀ yìí sí? Holofernes, olùkọ́ afọ́nnu tí ó ń fi Látìn dẹ́rù ba ènìyàn, wà níbẹ̀. Àlùfáà Nathaniel, tí ó ń gbe olùkọ́ náà lẹ́yìn, wà níbẹ̀. Armado ará Sípéènì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń lọ́ bí ìtàkùn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyí tí a fún nínú wọn. Costard, ará oko, ni ó sọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ ni ó sì fi ṣe: ó fi ọ̀rọ̀ náà wọn Moth, ọmọ-ọ̀dọ̀ kékeré Armado, ó ní ọmọ náà kò tó o ní gígùn. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń bọ bí òrìṣà ni Costard sọ di igi ìwọ̀n.

Costard kò ṣàdédé gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣáájú èyí, Armado ti rán an níṣẹ́, ó sì fún un ní ohun tí ó pè ní remuneration. Nígbà tí Costard tú ọwọ́ wò, fádíǹgì mẹ́ta péré ni, owó tí kò pé kọ́bọ̀ kan àtijọ́. Lẹ́yìn náà, Berowne fún un ní tirẹ̀, ó pè é ní guerdon. Ṣílè kan ni. Lẹ́tà 12 mú fádíǹgì mẹ́ta wá, lẹ́tà 7 mú ṣílè wá. Ọkùnrin yìí kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọ̀rọ̀.

Àwọn lámèyítọ́ kan kò mọ̀ ọ́n. Ní 1910, Sir Edwin Durning-Lawrence tú lẹ́tà 27 náà palẹ̀, ó tún wọn tò, ó sì ní gbólóhùn Látìn tí òun rí níbẹ̀ fi hàn pé Francis Bacon ni ó kọ àwọn eré náà. Ó gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà ti wà kí a tó bí Bacon ní 1561. Ó fi etí sílẹ̀, lẹ́tà ni ó ń kà. Kò gbọ́ ẹ̀rín tí Costard ń rín.

Eré náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ Látìn pọ̀ nínú ìran yìí tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran òde òní kò lè rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé olùkọ́ kan ṣàlàyé fún un. Eré tí ó ń bú Holofernes tún nílò Holofernes! Síbẹ̀, ìparí rẹ̀ wo àléébù náà sàn. Nígbà tí àwọn ìjòyè fi Holofernes ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìtàgé títí ó fi kúrò níbẹ̀, Látìn fò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbọnrangandan ni ó fi sọ fún wọn pé ìwà wọn kò dára. Kò pẹ́ tí ìròyìn ikú Ọba Faransé fi dé, Berowne fúnra rẹ̀ sì gbà pé ọ̀rọ̀ tí kò lọ́jú pọ̀ ni ó yẹ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Rosaline, tí ó ń fẹ́, sì pàṣẹ pé kí ó lọ lo ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, kí ó máa fi ẹnu dídùn rẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá wúlò lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, kí ó dà á nù.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀dọ̀ wa ni òwe yìí ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí á máa wá ọ̀rọ̀ gígùn ṣeré, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Dull, ọlọ́pàá tí ó jókòó ti àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fọ́nnu. Nígbà tí Holofernes kíyè sí i pé kò fọhùn, Dull dáhùn pé kò sí èyí tí òun gbọ́ yé nínú rẹ̀. Dull kan ń bẹ ní kíláàsì gbogbo. Kí olùkọ́ tó kó ìwé rẹ̀ jáde, kí ó kọ́kọ́ wo ojú ọmọ náà.